Kí Okùn Òyìnbó Tó Dé Alájué

Kò tíì pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní Ẹdẹ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ṣì máa ń dìde dúró bí wọ́n bá gbọ́ fèrè rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń sín in jẹ. Èmi kò tíì gbé ìyàwó nígbà náà. Mo ní oko lọ́nà Sẹ́kọ̀nà, mo ní ọkọ́ méjì, mo sì ní ẹnu tó mú ju ọkọ́ méjèèjì lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní kí n sọ bí àwa ṣe kọ iṣẹ́ ọba láyé àtijọ́. Mo rí i lójú yín pé ìtàn akọni lẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ ó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó sì gbọ́ ìtàn ẹni tó ṣi nǹkan ṣe, torí èmi náà ni.

Òjò ọdún náà kò mọ ìgbà tó yẹ kó dágbére. A ti ń wa iṣu, síbẹ̀ ó ń rọ̀ bí ẹni pé àgbàdo la ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbìn. Ọ̀ṣun kún dé ẹnu. Odò kékeré tó máa ń ṣàn gba ìsàlẹ̀ Alájué lọ bá Ọ̀ṣun kò rí àyè wọlé mọ́, ló bá ṣẹ́rí padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí àwọn ará Alájué ṣe ń dáná, omi wọlé. Kò pariwo rárá. Àbẹ̀ní, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó lọ́kọ síbẹ̀, sọ fún mi pé inú ààrò ni omi náà kọ́kọ́ wọ̀, ó pa iná kí wọ́n tó mọ̀ pé àlejò dé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ògiri ti ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, tí wọ́n tò sẹ́yìnkùlé, bá omi lọ.

Kò sí ẹni tó kú. Ìyẹn ni gbogbo wa kọ́kọ́ dúpẹ́ fún. Ìyá mi sọ ohun tí gbogbo ayé máa ń sọ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ẹkún ló ń sun bó ṣe ń sọ ọ́. Àbẹ̀ní àti Òjó ọkọ rẹ̀ kó àwọn ọmọ wọn mẹ́ta lọ sínú ahéré oko kan lórí òkè, àwọn aládùúgbò wọn náà sì wá ibi tí wọ́n lè forí pamọ́ sí.

Ìjọ tí ìyá mi ń lọ ní Ẹdẹ kó iṣu, ẹ̀lùbọ́ àti aṣọ jọ fún wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ pín in, nítorí mo mọ Alájué dáadáa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà lọ́dún náà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, bó bá rí ewé gbígbẹ nílẹ̀, yóò yí i wò bóyá nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ orúkọ gbogbo baálé tí ilé rẹ̀ wó sínú ìwé kan, mo kà á lákàtúnkà lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a kó ẹrù kalẹ̀ sábẹ́ igi odán. Mo gun orí òkúta, mo gbé ìwé sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n jáde wá gba tiwọn, lójú ìyàwó wọn, lójú ọmọ wọn, lójú àwọn ará Sẹ́kọ̀nà tó ń kọjá lọ sọ́jà.

Mo pe Òjó. Mo tún pè é. Bàbá Oyè ni mo máa ń pè é láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti bí Oyè fún un, ṣùgbọ́n Òjó ló wà nínú ìwé, Òjó náà ni mo sì ń pariwo. Ó jáde láàárín èrò, kò bínú lójú.

Ó ní, “Àkànní, ìwé rẹ yẹn, ṣé ó sọ ẹni tó fún yín níṣu lọ́dún tí eéṣú jẹ oko yín?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni, Bàbá Oyè.”

“Ṣé mo pè yín jáde lójú ọ̀nà?”

“Ẹ kò pè wá.”

“Báwo ni mo ṣe fún yín?”

Ohùn mi ti lọ sílẹ̀. Mo ní, “Ẹ ní kí ìyá mi bá yín fi iṣu yín pamọ́, pé eku pọ̀ nílé yín.”

Ó ní, “O ṣeun tó o rántí. Ẹ máa gbé ẹrù yín lọ. Eku kò sí nílé wa mọ́, torí kò sí ilé.”

Ó yí padà, àwọn baálé yòókù sì tẹ̀ lé e. Obìnrin kan ṣoṣo ló kù níwájú mi, opó kan tó ń ṣe ọṣẹ dúdú, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ó na ọwọ́. Ó ní, “Ebi kò mọ ìwé. Fún mi ní tèmi.” Mo fún un, a sì gbé ìyókù padà sí Ẹdẹ. Ojú ń tì mí débi pé mo gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Alájué dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìdí rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju ọwọ́ onílé lọ, ọ̀wẹ̀ ló ń bẹ̀: yóò pe ará àti ọ̀rẹ́, wọn yóò gbé ọkọ́ wá, wọn yóò bá a ṣe é lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá, oúnjẹ náà sì gbọ́dọ̀ yó wọn. Ẹni tí kò lè dáná kì í bẹ ọ̀wẹ̀. Àwa náà kì í gbé ọkọ́ lọ sílé ẹni tí kò pè wá, nítorí bí ẹni sọ pé onílé ti kú ni. Àwọn ará Alájué ń dúró kí wọ́n ní iṣu, àwa ń dúró kí wọ́n pè wá. Ní Ẹdẹ, àwọn kan ti ń sọ pé ìgbéraga ń pa àwọn ara oko yìí. Bẹ́ẹ̀ ìtìjú ni, èmi ni mo sì fi kún un.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yìí la wà tí òyìnbó onítítì fi dé. Orúkọ tí ìlú sọ ọ́ ni Ajíwọnlẹ̀, torí pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wíwọn ilẹ̀ ló ń wọ̀n kiri pẹ̀lú okùn àti èèkàn. Ó ń la títì láti Ẹdẹ lọ sí Sẹ́kọ̀nà. Ó pe àwọn baálé jọ, ó sì ti ẹnu ògbufọ̀ rẹ̀ sọ ohun méjì. Ó ní ní ọjọ́ kejì ọjà, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan kó ọkùnrin tó lágbára wá síbi iṣẹ́, wọn kò sì ní padà sílé títí títì yóò fi dé Sẹ́kọ̀nà. Ó tún ní ìsàlẹ̀ Alájué ni okùn òun yóò gbà. Níbi tí ilé bá wà, okùn yóò yà fún un. Níbi tí kò bá sí òrùlé, ahoro ni, títì yóò gba orí rẹ̀ kọjá.

Bàbá àgbà kan ní, “Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ahoro. Omi ló wó o lóṣù yìí.”

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, ó sì mú èsì padà: “Ó ní òrùlé ni òun ń wò, òun kì í wo ìtàn.”

Nígbà tí ìròyìn yìí dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ó jókòó sílẹ̀ lójú ibi tó wà. Inú ilẹ̀ yàrá ilé Òjó ni wọ́n sin bàbá Òjó sí. Igi obì tí bàbá náà gbìn wà lẹ́yìnkùlé. Àbẹ̀ní sì ti ránṣẹ́ pé ọkọ òun ní bí títì bá gba orí bàbá òun kọjá, òun kò ní lè máa wò ó lójoojúmọ́, òun yóò kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀ ojú irin, ibi tó bá já wọn sí ni kó já wọn sí. Ìyá mi kò tíì wọ ọkọ̀ ojú irin rí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá bá a lọ ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá wa níbi tí àwa ẹgbẹ́ mi jókòó sí níwájú ilé wa. Àwa ọ̀dọ́ mọ́kànlá ni a máa ń bá ara wa ro oko. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ẹ̀rù bà wá.

Ó ní, “Mo wá bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ilé ni mo fẹ́ kọ́.”

Ògúndìran, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ní, “Ìyá, ilé wo? Ilé yín ló wà lẹ́yìn yín yìí.”

Ó ní, “Mo ní òmíràn ní Alájué. Ọmọ mi ló ń gbé e. Omi wó o. Èmi ni n óò se oúnjẹ.”

Bàbá mi wúkọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Ìyá Àbẹ̀ní, ọkọ ọmọ ló ń wá ro oko fún bàbá ìyàwó. Ṣé èmi ni kí n lọ máa po amọ̀ fún ọkọ ọmọ mi? Ta ló ti gbọ́ irú rẹ̀ rí?”

Ìyá mi ní, “Wọn yóò gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Àbẹ̀ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ mi lọ nítorí àṣà.”

Bàbá mi yí padà. Ó wọlé. A gbọ́ tó ń wá ọkọ́ rẹ̀ kiri inú yàrá.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde, àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sọ́dọ̀ ìyá mi, oníṣọ́ọ̀ṣì àti olórìṣà, pẹ̀lú iṣu kọ̀ọ̀kan lábẹ́ aṣọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, láìrẹ́rìn-ín: “Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ bá mi fi iṣu yìí pamọ́, eku pọ̀ nílé wa.” Èmi ni mo ń tò ó. Mo tò ó títí ọ̀nà ilé ìdáná fi dí. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tí a kọ sílẹ̀, mo sì ti kọ́gbọ́n.

Ohun tó kù ni iṣẹ́ ọba. Ọjọ́ tí ìyá mi dá fún ọ̀wẹ̀ ni ọjọ́ tí Ajíwọnlẹ̀ fẹ́ rí wa lójú títì. A mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá kọ iṣẹ́ ọba. A ti rí ẹ̀yìn àwọn tí wọ́n nà. Nínú àwa mọ́kànlá, àwọn mẹ́ta ní àwọn kò lè lọ, n kò sì bú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní ìyá tó fọ́jú. Mo rojọ́ gígùn fún àwọn tó kù nípa ẹ̀tọ́ àti ìlú àti àwọn baba ńlá wa. Ògúndìran ní kí n dákẹ́. Ó ní, “Oúnjẹ ìyá rẹ wà níbẹ̀, ọkọ́ wa wà lọ́wọ́. Kí lo tún ń sọ?” Ó ránṣẹ́ sí agbo ilé mẹ́rin mìíràn, ó sì sọ pé bí a bá pọ̀, kò sí àtìmọ́lé tó lè gbà wá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin jáde pẹ̀lú ọkọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ ṣe wí. Nígbà tí a dé oríta, àwọn èèkàn òyìnbó wà lápá ọ̀tún. A kò yà. A rìn lọ tààrà sí Alájué, ìyá mi níwájú pẹ̀lú ìkòkò lórí. N kò lè purọ́ fún yín, mo ti ń wo ibi tí mo lè sá gbà. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, tí n kò rí ìparí àwọn tó ń bọ̀, n kò wo ibẹ̀ mọ́.

Òjó wà lórí òkìtì amọ̀ tó jẹ́ ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá mi sọ ìkòkò kalẹ̀, ó ní, “Bàbá Oyè, ọ̀wẹ̀ ni mo bẹ̀. Ilé ni mo wá kọ́. Níbo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà?” Òjó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde. Nígbà tó dìde, amọ̀ wà ní iwájú orí rẹ̀, kò nù ún. Ó lọ mú ọkọ́ tirẹ̀. Àwọn ará Ẹdẹ pín ara wọn: ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò tàbí àna ní ilé kan lọ síbẹ̀. Bàbá mi ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó wọ inú amọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán, Ajíwọnlẹ̀ dé lórí kẹ̀kẹ́, akódà méjì àti ògbufọ̀ ń sáré tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ògbufọ̀ náà jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó wọ bàtà, ó sì dé fìlà òyìnbó.

Ó ní, “Òyìnbó ní ta ni olórí yín?”

Ògúndìran fi ìgúnpá tì mí. Mo ní, “Èmi ni.”

“Ó ní kí ló dé tí ẹ kò sí lójú títì?”

Mo ní, “Ẹ bá wa sọ fún un pé a kò sá fún títì. A fẹ́ bo ilé tí omi wó ná ni.”

“Ó ní iṣẹ́ ọba kì í dúró de iṣẹ́ ilé.”

Mo ní, “Ẹ sọ fún un pé àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ọba, ilé la ti ń jáde wá.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Akódà kan gbá mi lọ́rùn mú, ẹ̀rín sì dá. Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ nàró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Mo ronú pé ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn, pé èmi ni mo fà á, pé ìyá mi wà níbẹ̀. Àfi bí ògbufọ̀ ṣe tajú kán rí bàbá mi. Bàbá mi nìkan ni kò dáwọ́ dúró. Ó ń tẹ amọ̀ rẹ̀ lọ.

Ògbufọ̀ ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ọmọ yín ni?”

Bàbá mi ní, “Ilé àna mi ni.”

“Àna yín tó fọmọ fún yín ni?”

“Rárá. Èyí tí mo fọmọ fún.”

Ògbufọ̀ wo ẹsẹ̀ bàbá mi nínú amọ̀. Ó wo irun orí rẹ̀ tó ti funfun. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí òyìnbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bàbá mi kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ títí. Òyìnbó bi í ní nǹkan, ó dá a lóhùn. Ó tún bi í, ó tún dáhùn. Títí dòní n kò mọ ohun tó sọ. Mo mọ̀ pé nígbà tó parí, òyìnbó náà wo bàbá mi pẹ́, ó sì na ìka ọwọ́ mẹ́sàn-án sókè.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fún wa, ìyẹn ọrún méjì ní kíkà àtijọ́, tí ọjọ́ tó parí ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀ èkejì. Lọ́jọ́ kẹwàá okùn yóò dé, òrùlé ni yóò sì wò. Ṣùgbọ́n èmi àti Ògúndìran yóò bá a lọ lẹ́sẹ̀ kan náà, a ó sì wà lójú títì títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àbẹ̀ní bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá mi jáde nínú amọ̀, ó ní, “Àkànní, lọ. Ògiri kò lè gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òrùlé ló ní òun ń wò, àbí? A ó ri igi mọ́lẹ̀, a ó gbé òrùlé lé e lórí. Ògiri yóò wá bá a nísàlẹ̀ tó bá yá.” Ẹ̀rín pa mí pẹ̀lú ọwọ́ akódà lọ́rùn mi.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án náà gùn. À ń gé igi, à ń ru òkúta, akódà kò sì jẹ́ kí a bá ẹni tó ń kọjá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, òjò ńlá rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Obìnrin kan tó ń bọ̀ láti Alájué sọ bó ṣe ń kọjá pé àwọn òpó kan ti yẹ̀. Kò dúró kí n bi í léèrè pé ti ta ni. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Ajíwọnlẹ̀ fún mi ní orí okùn kí n máa fà á níwájú. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Èmi ni mo fa okùn lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ibi ìyípo kan wà kí a tó rí ìsàlẹ̀ Alájué, igbó sì bò ó. Mo ń gbàdúrà sí Ọlọ́run tí ìyá mi ń sìn, mo sì ń bẹ àwọn tí Òjó ń sìn, kò sí èyí tí mo yọ sílẹ̀.

Mo yí ìyípo. Òrùlé ni mo rí, òrùlé koríko bẹẹrẹ tuntun, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn lórí òpó, láìsí ògiri kankan lábẹ́ wọn. Èèyàn lè dúró níhìn-ín kó wo ọ̀hún já. Àárín ilé náà ni Àbẹ̀ní jókòó sí, ó ń fẹ́ iná, bí ẹni pé ògiri wà níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, mo sì sunkún láìtijú.

Àbẹ̀ní gbójú sókè. Ó ní, “Àkànní, o ti rù. Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ ni?”

Ajíwọnlẹ̀ rìn yí ilé náà ká. Ó sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì ní, “Ó ní òun kò rí irú ilé báyìí rí.”

Òjó ní, “Ẹ sọ fún un pé ilé náà ṣì ń bọ̀. Orí ló kọ́kọ́ dé.”

Ògbufọ̀ sọ ọ́, òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀dá ni òun náà. Ó fa èèkàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sápá òsì, ó kàn án mọ́lẹ̀, okùn sì yà. Ó yà fún bàbá Òjó nínú ilẹ̀, ó yà fún igi obì, ó yà fún gbogbo òrùlé tó wà níbẹ̀. Ìyá mi tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ń pe Ọlọ́run lórúkọ, ó ń tún un pè.

Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí, ǹ bá ti máa sọ ọ́ kiri lójoojúmọ́. A rìn síwájú díẹ̀, okùn kò sì yà mọ́. Ó dé orí ilẹ̀ kan tí kò ní òpó, tí kò ní koríko. Ìyá Ọlọ́ṣẹ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agbada ọṣẹ rẹ̀ kan àti àpò eérú. Kò bí ọmọbìnrin, kò ní àna ní Ẹdẹ, kò sì sí ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ti lọ síbi tí tirẹ̀ wà. Gbogbo wa rò pé ẹlòmíràn wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo dúró. Akódà ní kí n máa lọ. Mo wo Ìyá Ọlọ́ṣẹ, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ kó sọ.

Ó ní, “Fà á, ọmọ mi. Ta ni yóò bẹ ọ̀wẹ̀ fún mi?”

Mo fà á. Orí ààrò rẹ̀ ni wọ́n kan èèkàn mọ́. Lọ́sẹ̀ náà ló kó lọ sí ìlú Awo, ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ìyá rẹ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde lọ́dún kejì, Òjó bẹ ọ̀wẹ̀. Ilé rẹ̀ ti ní ògiri nígbà náà, a kò sì mọ iṣẹ́ tó fẹ́ kí a ṣe. Ó fi iyán bọ́ wa títí a kò fi lè dìde. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ gbé ọkọ́ yín. Awo ni iṣẹ́ wà.” A rìn lọ síbẹ̀, àwa tó lé ní ogún, Òjó níwájú. A bá Ìyá Ọlọ́ṣẹ níbi tó ti ń ro ọṣẹ nínú oòrùn, láìsí ìbòji kankan. Ó wò wá, ó wo ọkọ́ wa.

Ó ní, “Ta ló pè yín?”

Mo ní, “Ẹnikẹ́ni kò pè wá, Ìyá.”

Ó ní, “Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé.” Ó sì fi ibi tó fẹ́ kí ilé ọṣẹ rẹ̀ wà hàn wá. Ọjọ́ mẹ́rin la fi wá, la fi lọ, títí ó fi parí, ó sì sun iṣu fún wa jẹ lójoojúmọ́, kò jẹ́ kí a gbé oúnjẹ wá láti Ẹdẹ.

Ẹ bi mí léèrè ohun tí a jèrè. Àbẹ̀ní darúgbó sí Alájué, ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Láti ọdún náà, bí omi tàbí iná bá ba ilé jẹ́ lágbègbè wa, àwọn obìnrin kì í dúró kí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ ọ̀wẹ̀. Wọ́n ń bá a bẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì ka orúkọ lójú ọ̀nà. Inú mi ṣì máa ń dùn bí mo bá rántí òrùlé wọ̀nyẹn. A pàdánù pẹ̀lú. Èmi àti Ògúndìran kò rí oko wa títí ọyẹ́ fi dé, igbó sì ti gbà á. Ògbufọ̀ tó ṣí fìlà, a kò rí i mọ́ lẹ́yìn títì náà. A gbọ́ pé wọ́n ní ó ti ń sọ̀rọ̀ ju èyí tí wọ́n rán an lọ. N kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ kí n lè máa sọ ọ́ fún ọmọ mi.

Lọ́jọ́ tí a parí iṣẹ́ ní Awo, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Ọlọ́ṣẹ, mo ní kó dárí jì wá. Ó fi ọwọ́ kan òpó tuntun náà, ó tì í wò bóyá ó dúró dáadáa.

Ó ní, “Èyí tí ẹ kọ́ yìí dára, ọmọ mi. Tọ̀hún ńkọ́?”

N kò rí èsì fún un títí ó fi kú. Ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò ń gba orí ààrò rẹ̀ kọjá títí di òní, kò sì sí ìjọba tó tíì béèrè ilẹ̀ ta ni. Mo ti darúgbó, mi ò lè ru ọkọ́ mọ́. Ẹ̀yin lẹ wá béèrè ìtàn lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi dá obìnrin náà lóhùn.